Nọ́ńbà Tó Wà Lójú Mítà

Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Bíìlì iná dé. Ìlọ́po méjì iye tí à ń san tẹ́lẹ̀. Mo kà á, mo tún un kà. Orí mi gbóná.

Kí ló yí padà nínú ilé yìí? Ẹnì kan ṣoṣo — Alága, orúkọ tí mo sọ ọ́ nínú ọkàn mi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tó ní òun kàn fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ méjì, tó ti di oṣù mẹ́ta báyìí. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ò lè bá a gbé, ló bá kó ẹrù wá bá èmi. Omi gbígbóná láàárọ̀, omi gbígbóná lálẹ́. Fáànù ń fẹ́ nínú yàrá tí kò séèyàn. Tí mo bá pa á: "Ìyàwó mi, ta ló pa fáànù mi?" Fáànù rẹ̀. Ṣé òun ló rà á ni?

Mo gbé bíìlì síwájú Baálé. Ó ní àwọn oníná máa ń ṣàṣìṣe, kí n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Pé tí kò bá sí àṣìṣe níbẹ̀, òun fúnra òun á bá Àǹtí sọ̀rọ̀ kí wọ́n padà sọ́dọ̀ ọmọ wọn. Mo jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá mi lójú.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo pa gbogbo iná ilé. Mo yọ wáyà fíríìjì. Mo wá dúró kí Alága wọ balùwẹ̀, kó tan ẹ̀rọ tó ń gbé omi kaná. Bó ṣe tàn án ni mo sáré lọ sídìí mítà lára ògiri ìta. Irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀ ń yí, ó ń sáré. Inú mi dùn débi pé mo rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Alága ní ọbẹ̀ mi ti ń dáa díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀!

Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Alága ní áyọ́ọ̀nù mi ló ń jẹ iná, pé nígbà tiwọn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ làwọn ń lọ aṣọ. Baálé rẹ́rìn-ín. Mi ò bá a rẹ́rìn-ín. Àlejò mà ti di onílé.

Ó fọ aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ, bẹ́ẹ̀ mi ò bẹ̀ ẹ́. Ìyẹn náà, omi mi ló fi fọ̀ ọ́.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo mú bíìlì lọ sídìí mítà, kí n lè kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún Baálé, kó má baà sọ pé ìjà ni mò ń jà. Mítà méjì ló wà lára ògiri yẹn — tiwa, àti ti ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, ajórin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Nọ́ńbà tó wà lórí bíìlì ò bá ti mítà wa mu. Mo fi etí ìró nu eruku ojú rẹ̀. Kò bá a mu rárá. Mo wo ti wẹ́dà. Òun ni, látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Oṣù tí Alága dé gan-an ni wẹ́dà yẹn kó dé. Irin tó ń jó látàárọ̀ dalẹ́, àwa là ń sanwó iná rẹ̀. Mo ṣépè fáwọn oníná níbẹ̀, sókè, bíi wèrè. Mo bú ìyá tó bí wọn.

Mo ti ń sáré wọlé kí n pe Baálé lórí fóònù — ẹsẹ̀ mi bá dúró. Tí mo bá sọ ọ́, Alága ò ní lọ mọ́.

Mo ká bíìlì, mo há a mọ́ ìbàdí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Baálé bi mí. Mo ní mo yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀, kò sí àṣìṣe kankan. Ohùn mi ò gbọ̀n. Ó mí kanlẹ̀, ó ní ó dáa.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ó ti bá a sọ̀rọ̀. Mo wà ní kíṣìnì, mo ń gbọ́. Mo ti múra sílẹ̀ de ariwo. Alága ò pariwo. Ó kàn bi í pé, "Ṣé ìyàwó mi ló sọ pé kò sí àṣìṣe?" Baálé ní bẹ́ẹ̀ ni. Alága wá ní, "Tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni."

Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Kó bú mi. Kó sunkún. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ṣé òní ló wá mọ sùúrù?

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ó lọ. Àwọn ọmọ sìn ín dé géètì, àbíkẹ́yìn mi ń sunkún bí ẹni tí wọ́n nà. Mo kúnlẹ̀, mo ní ó dàbọ̀, Àǹtí mi. Ó ní, "Ìyàwó mi, ilé á tura fún ẹ." Mi ò mọ̀ bóyá àdúrà ni àbí èébú. Mo ṣáà ṣe àmín.

Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ilé tura. Mo sùn lọ́sàn-án.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Wọ́n ní orí àga pálọ̀ ni ìyàwó ọmọ Alága ní kó máa sùn. Kí ló kàn mí níbẹ̀?

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Òṣìṣẹ́ oníná kan mú bíìlì tuntun wá. Baálé wà nílé. Ọkùnrin náà ní kí a máà bínú, àwọn ti ṣàtúnṣe àṣìṣe náà. Baálé ní, àṣìṣe wo?

Ẹnu yà á. Ó ní ṣé Màmá ò sọ fún wa ni? Pé Màmá kan wá sí ọ́fíìsì àwọn ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní àwọn rí ìyàwó àwọn látojú fèrèsé, tó mú bíìlì dání, tó ń fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà, tó ń bú àwọn oníná. Wọ́n ní ìyàwó àwọn yìí ló rí àṣìṣe náà, àwọn kàn bá a rin ìrìn àjò yìí ni, torí iṣẹ́ ilé ti pọ̀ jù fún un. Wọ́n ní orúkọ mi ni kí wọ́n kọ sílẹ̀, kí wọ́n má kọ tàwọn.

Ó yíjú sí mi, ó ní, "Màdáámù, ẹ kú làákàyè o."

Baálé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó padà, ó bi mí pé ọjọ́ wo ni mo sọ fún òun pé kò sí àṣìṣe. Mo ní Ọjọ́bọ̀. Ó ní, "Ọjọ́bọ̀." Ó wọ bàtà, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Ó ti lọ mú Àǹtí wá. Ó ní kí n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì Àǹtí, mo ti tẹ́ ẹ. Ó ní tí àwọn bá dé, òun ò ní kan ilẹ̀kùn, Àǹtí ló máa kàn án, kí àwọn ọmọ má sì ṣí i. Èmi ni kí n ṣí i.