Omi Inú Agogo

Aasiyah ọmọ mi, ìyá Zikrullah,

Mo kí ọ púpọ̀, mo sì kí Mùtíù ọkọ rẹ. Ṣé ẹ wà dáadáa ní Ìgàndò? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí a ò fẹ́ gbọ́ nípa ara wa. Ara mi le, ojú ló ń tì mí. Ìtìjú náà ló mú mi wọ ọkọ̀ wálé kí o tó jí, tí mi ò dágbére. Má bínú sí mi.

Àgbàdo wa ti gbó. Dátà tí o rà sínú fóònù mi ti tán, ó sì yà mí lẹ́nu, torí inú àpótí ni mo tì í mọ́, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Àfàìmọ̀ kí wọ́n má ti ta àlòkù fún ọ.

Agogo ilé ẹ̀kọ́ wa tí mo yá gbé wá sọ́dọ̀ yín ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín. Irin mọ́tò ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ń lù báyìí kí àwọn ọmọ tó wọ kíláàsì. Bí mo bá ń lọ pọnmi, gbogbo èèyàn ló ń bi mí pé ṣé Zikrullah ti ń sọ̀rọ̀. Èmi ni mo fà á, èmi ni mo lọ sọ ní mọ́sáláṣí pé ọmọ ọmọ mi yadi, tí lèmọ́mù fi ní kí gbogbo jámáà bá mi ṣàdúrà.

Gbogbo ìgbà tí o bá gbé e síwájú fóònù, tí mo ki oríkì rẹ̀ títí ọ̀fun mi fi gbẹ, ó kàn ń wò mí ni. O ti ṣàlàyé fún mi o, pé ọ̀dọ̀ Happiness aládùúgbò yín ló ń wà títí o fi máa ń ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ dé láti Ìkòtún, pé Íbò ló kọ́kọ́ ń yọ lẹ́nu rẹ̀, pé yóò gbọ́ tiwa náà. Mo rò pé o kàn ń rẹ̀ mí lẹ́kún ni. Èmi rò pé inú ọmú ni Yorùbá wà, pé ọmọ tó bá ti mu ọmú ìyá rẹ̀ yó ti mu ún mọ́ ọn.

O mọ̀ pé bí ọmọ ò bá tètè sọ̀rọ̀, inú agogo la ti ń fún un lómi mu. Lánàá ọjọ́ tí mo padà wálé, bí o ṣe jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù ni mo bu omi sí i, mo di ọmọ mú, mo sì rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Omi náà ń rùn bí irin. Bí Happiness ṣe wọlé láti wá gbé e, ọmọ tí mo pè ní odi tọ́ka sí mi, ó tọ́ka sí agogo, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi Íbò rojọ́ bí ẹni tó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Kò sinmi. Happiness rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó wá fi Yorùbá díẹ̀ tó gbọ́ bi mí pé kí ló dé tí mo fún Zikrullah lómi burúkú. Ká ní ilẹ̀ lanu, ǹ bá wọ inú rẹ̀ lọ. Títí ilẹ̀ fi ṣú, ọmọ náà ò sún mọ́ mi mọ́.

Látìgbà tí mo dé ni mo ti ń ṣọ́ ìyá Fúlàní tó ń ta wàrà fún wa. Àṣé bí mo ṣe ń fi ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ sọ orúkọ imú àti etí fún ọ nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe fún tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Happiness ń ṣe fún Zikrullah. Ọmọ Fúlàní yẹn ń sọ babababa lásán bí ìwọ náà ti ṣe, ó wá ń pe nǹkan díẹ̀díẹ̀. Èmi tí mò ń ki oríkì sínú fóònù lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ni mo fẹ́ kó bá mi sọ?

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra dátà, tuntun ni mo máa ní kí wọ́n fún mi. Àràárọ̀ ni mo fẹ́ máa pè é, n ó máa fi imú mi hàn án. Fi agogo náà ránṣẹ́. Bí o bá sì gbà mí láyè, n ó wá ní Iléyá, lọ́wọ́ òfo.

Ọlọ́run á dá Zikrullah sí fún wa, á fún un lẹ́mìí gígùn, á sì jẹ́ kí ó tún sún mọ́ mi. Bá mi ka àdúrà yìí fún Happiness, kí ó bá mi sọ ọ́ fún ọmọ mi lédè tó gbọ́, kí òun náà lè ṣe àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àdíját