Jẹ́lé-ó-sinmi Tí Kò Jẹ́ Kí Ilé Sinmi

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ojú lọ́nà wa. Láti Ṣakí níbí ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín, orúnkún mi méjèèjì kan ilẹ̀. Mo kí Bàbá mi, mo sì ń gbàdúrà kí ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ó san. Mo kí Ìyá Àgbà nínú yàrá wọn. Káyọ̀dé àbúrò mi ni yóò ka èyí sí yín létí, mo kí òun náà. Kí ó rọra kà á, kí ó má sì fo ibi tí ojú ti ń tì mí.

Ó lè yà yín lẹ́nu pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti ń gbọ́ ohùn mi. Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu mi. Mo ti kọ lẹ́tà sí yín lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo tún fà á ya. Ohun tí mi ò lè sọ lójú yín, ó rọ̀ mí lọ́rùn láti sọ láàárín èrò, bí ẹni tó ń sunkún nínú òjò. Bóyá ìyá mìíràn náà wà níbì kan tí ọ̀rọ̀ yìí yóò bá.

Káyọ̀dé kọ̀wé pé ẹ ní bí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá ti pa dé, kí n gbé Bánjọ wá sí Ìjẹ̀bú, kí n fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín títí n ó fi parí ẹ̀kọ́ olùkọ́ tí mo ń kọ́. Ó ní ẹ ní Ṣakí fẹ́ fi àìsàn gba ọmọ lọ́wọ́ yín. Láti ìgbà náà ni mi ò ti fèsì. Ìdákẹ́ mi kì í ṣe àfojúdi, Ìyá mi. Ọkàn mi ló ń dá mi lẹ́bi tí ẹnu mi kò fi ṣí.

Ìlú yìí kì í ṣe ìlú búburú. Ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, àpáta sì dúró káàkiri bíi màlúù tó ń jẹko. Ojú ọ̀run wọn tóbi, nítorí kò sí igbó tí yóò bò ó. Ẹni tó dàgbà lábẹ́ igi kòkó bíi tèmi, ojú máa ń tì í ní irú gbangba bẹ́ẹ̀. Ọyẹ́ ilé wa a máa yà kí ni láàárọ̀, a sì máa lọ. Ti ibí dé, ó jókòó. Ètè Bánjọ là tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, yóò kọ́kọ́ fi ọwọ́ di ẹnu mú. Ìyá Rábíù, onílé mi tó ń ta èlùbọ́, fún mi ní òrí, ó ní kí n máa fi pa á létè àti nímú. Mo fi ìgò àdí tí ẹ dì fún mi hàn án. Ó ní àdí dára o, àmọ́ ọyẹ́ Ṣakí kò gbọ́ èdè Ìjẹ̀bú.

Èmi gan-an, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ èdè mi. Ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ wà ní kíláàsì ni mo fi ọjọ́ orí jù lọ. Ìyá Bánjọ ni wọ́n ń pè mí, ẹ̀yìn pátápátá ni mo sì ń jókòó. Bí wọ́n bá ń pín ẹ̀pà jẹ lákòókò ìsinmi, n ó máa wò wọ́n, mi ò mọ bí a ṣe ń na ọwọ́ sí i. Bàbá Bánjọ wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní Kàdúná. Ó ń fi nǹkan ránṣẹ́, a ò ṣàìjẹun.

Ẹ rántí ọjọ́ tí mo sọ fún yín pé jẹ́lé-ó-sinmi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, tí ó ń gba ọmọ tó bá ti já lẹ́nu ọmú. Ẹ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ ní irú orúkọ wo nìyẹn, ilé ta ni ó fẹ́ sinmi? Ẹ ní ilé tí ọmọ wà kì í sinmi, ilé òfo ní ń sinmi. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, mo sì ń di ẹrù mi lọ. Mi ò mọ̀ pé mo di ọ̀rọ̀ náà mọ́ ẹrù.

Bánjọ kò tíì mọ orúkọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ tí ọ̀fìnkìn fi bá a wálé. Kí ọ̀fìnkìn tó lọ, ikọ́ dé. Ikọ́ ń palẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ ni Àpólò wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata, ìpẹ́npẹ́jú rẹ̀ a máa lẹ̀ pọ̀ láàárọ̀ títí n ó fi fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nù ún. Ó kó o ràn mí. Mo gbé ojú pípọ́n lọ sí kíláàsì, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì sún jìnnà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ṣégede, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bíi ti ẹni tó kó ẹ̀kọ sẹ́nu tí kò gbé e mì. Ìyá Rábíù ní Bánjọ ti di alájàpá. Bí mo bá ti ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́yìn mi nírọ̀lẹ́, yóò ní Alájàpá kú àbọ̀ ọjà, kí lo rà bọ̀ lónìí, ṣé ikọ́ ni àbí èyí tó wọ́n jù ú lọ? Bánjọ yóò sì na imú rẹ̀ tó ń ṣàn sí i. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Bí mo bá ti wọ yàrá, ẹ̀rín náà a korò lẹ́nu mi.

Mo lọ yọjú lójú fèrèsé wọn. Àwọn ọmọ jókòó lórí ẹní, ife kan ṣoṣo ni gbogbo wọn fi ń mu omi. Mo ra ife tirẹ̀ fún un, mo fi lé olùkọ́ wọn tí wọ́n ń pè ní Àǹtí lọ́wọ́, ojú ń tì mí, kí ó má rò pé mò ń ṣe fújà. Nígbà tí mo padà wá mú un, Àǹtí ń rẹ́rìn-ín. Ó ní Bánjọ ti fi ife tuntun náà yí gbogbo yàrá ká, ó ń gbé e sí ọmọ kọ̀ọ̀kan lẹ́nu, ó ń sọ pé mu, mu. Ó ní ta ló kọ́ ọ? Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ, Ìyá mi. Kò tíì lè rìn dáadáa tí ẹ ti ń na ọwọ́ sí i pé bù fún mi jẹ, kí ó má baà ya ahun. Ẹ̀kọ́ ilé wa ni àìsàn ń gùn kiri.

Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má bá a lo ife kan náà, àmọ́ ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Ó ní bí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sáàárín ẹgbẹ́, wọn a máa kó àìsàn ran ara wọn, yóò sì máa dín kù bí ara rẹ̀ bá ti ń gbó sí i. Ṣùgbọ́n ó ní bí kò bá mu omi mọ́, tàbí tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tàbí tí ó kàn sùn sílẹ̀ láìṣeré, kí n máa sáré bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo bá wá. Láràárọ̀ tí mo bá fi Bánjọ sílẹ̀, igbe rẹ̀ a máa tẹ̀lé mi dé ìdí àpáta kan. Bí mo bá ti yí àpáta náà kọjá, mi ò ní gbọ́ ọ mọ́. Níbẹ̀ ni ara mi ti máa ń fúyẹ́. Ó ń dùn mọ́ mi, Ìyá mi. Mo máa ń rìn bí ọmọge tí kò pọn nǹkan kan.

Nígbà tí ìdánwò wa kù fẹ́ẹ́rẹ́, ibà mú un. Ọjọ́ Sátidé ni, mo tẹ́ ẹní fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ń kàwé. Kò fa ìwé mi ya. Kò gbé bírò mi. Mo kàwé títí, ó sì ń wọlé sí mi lórí. Àfi bí mo ṣe gbọ́ tí awó ń ha ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Mi ò gbọ́ ọ rí láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé náà. Ìgbà yẹn ni ohùn yín sọ sí mi lọ́kàn: ilé ti ń sinmi.

Mo gbé omi sí i lẹ́nu, ó yí ojú kúrò. Mo kígbe. Ìyá Rábíù fi èlùbọ́ tó sá sóòrùn sílẹ̀ fún ewúrẹ́, ó gba ọmọ pọ̀n, a sáré lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì gún un lábẹ́rẹ́, ó ń fi omi nu ara rẹ̀, ó sì bi mí pé láti ìgbà wo ni kò ti mu omi. Èmi tí mo jókòó tì í, mi ò mọ̀. Mò ń kàwé. Ìyá Rábíù ló gbà mí sílẹ̀, ó ní kí wọ́n tọ́jú ọmọ ná, ẹjọ́ kò ní sá lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ń lẹ́ nígbà tí ó lajú, tí ó bèèrè omi. Ó mu ún. Lẹ́yìn náà ó gbé ife náà sí Ìyá Rábíù lẹ́nu, ó ní mu. Ó gbé e sí èmi. Ó gbé e sí nọ́ọ̀sì tó ti kìlọ̀ ife fún wa. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó fi ètè kan án, ó ní òun ti mu, ó ṣeun. Níbẹ̀ ni ẹkún ti gbọ̀n mí.

Mo dé ilé, mo di aṣọ rẹ̀ sínú àpò, mo ní n ó gbé e wá fún yín. Àpò náà ló rí nígbà tí ara rẹ̀ le tán. Ó gbé e kọ́ apá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pe Àǹtí. Nígbà tí Ìyá Rábíù jáde, Bánjọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó kí i ketekete. Ọmọ tó máa ń sá sẹ́yìn ìró mi kí jẹ́lé-ó-sinmi tó gbà á! Bí èmi ṣe rí, Ìyá mi, ẹ mọ̀ ọ́n. Òun kò ní rí bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà mi ò ní gbé e wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ilé ni a ó wà, kíláàsì yóò dúró. Ṣùgbọ́n ẹ wá. Ẹ má wá mú un lọ, ẹ wá bá wa jókòó díẹ̀, kí ẹ na ọwọ́ sí i kí ẹ rí i bóyá ó ti ya ahun.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àti àwọn ará ìta tó bá bèèrè mi. Ìyá Rábíù ní kí n kí yín. Ẹ̀mí yín á gùn, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Mo ń kọ èyí lọ́wọ́, Bánjọ ti da omi sórí ìwé mi, ó sì ń lu abọ́. Ọlọ́run má jẹ́ kí ilé yín sinmi láéláé. Kí ó má jẹ́ kí tèmi náà sinmi.

Èmi ni ọmọ yín,
Fọlákẹ́, Ìyá Bánjọ.