Àga Méjì fún Taisto

Èmi, Hilkka Orvokki Saarenpää, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, tí mo ṣe iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn nípa ìlera ọkàn fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní Savonlinna, ni mo ń pín ohun ìní mi báyìí. Ọpọlọ mi pé. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó lọ bi Taisto, àbúrò mi. Láti kékeré ló ti ń sọ pé ọpọlọ mi pé jù.

1. Ilé mi àti ọkọ̀ ojú omi di ti Sanelma, ọmọ mi kan ṣoṣo, ẹni tí mo yàn láti mú ìwé yìí ṣẹ. Ọkọ̀ náà ń jò. Mo mọ̀.

2. Ajá mi, Ruska, di ti Marketta, aládùúgbò mi. Ọdún mẹ́rin ni èmi àti Marketta fi yan ara wa lódì nítorí igi mi tó ṣíji bo ọgbà rẹ̀. Ajá ò bá wa dá sí i; ojoojúmọ́ ló ń lọ jẹ sọ́sééjì níbẹ̀. Marketta, ìwọ lo jàre.

3. Ìwé tí mo kọ ọ̀rọ̀ àwọn tó wá gbàmọ̀ràn sí, kí ẹ sun ún láìṣí i wò nínú ààrò ilé ooru mi, níbi tí a ti ń jókòó làágùn. Àṣírí wọn ni. Ẹni tó ń sunkún kì í bà mí lẹ́rù. Ẹni tó bá ní “Kò sí nǹkan kan” ni mo máa ń bu kọfí kejì fún.

4. Ilé ooru náà, létí adágún, di ti Taisto. Ibí ni mo ti fẹ́ jẹ́wọ́. Ó pé ọdún mẹ́ta tí Aune, ìyàwó rẹ̀, ti kú. Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé la jọ ń jókòó síbẹ̀. Òun á da omi sórí òkúta gbígbóná, èmi á dijú, a ò ní sọ gbólóhùn kan. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá dákẹ́, ara rẹ̀ yá nìyẹn. Èmi tí mo ń bi àwọn àlejò bí ọkàn wọn ṣe rí, mi ò bi àbúrò mi. Lóṣù tó kọjá ni mo rí i pé ó ti lu ihò tuntun mẹ́ta sí bẹ́líìtì rẹ̀, nítorí ara rẹ̀ ti joro. Ẹ̀rù bà mí, ojú sì tì mí.

Nítorí náà, mo fi àga méjì inú ọ́fíìsì mi kún un. Lẹ́yìn ikú mi, ní gbogbo Sátidé, kí òun àti Sanelma jókòó sórí wọn, kí Sanelma bi í bó ṣe rí ní tòótọ́. “Kò sí nǹkan kan” kì í ṣe ìdáhùn.

5. Mo fi èyí kún un lónìí. Mo ka ẹsẹ kẹrin sétí Taisto fúnra mi. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún ti gbé iṣẹ́ yín dé! Ṣé mo jọ wèrè lójú yín ni?” Kọfí wa tutù níwájú wa. Mi ò dìde. Nígbà tó yá, ó ní: “Kọfí ẹni méjì ni mo ṣì ń pò láràárọ̀. Mi ò gbádùn rárá, ẹ̀gbọ́n mi.”

Mo fagi lé “lẹ́yìn ikú mi.” Lọ́yà mi ní ohun tí mo bá ti fi tọrẹ kò ní nǹkan ṣe nínú ìwé ìhágún mọ́. Kó máa wí. Taisto ti gbé àga méjèèjì lọ sílé lọ́sàn-án yìí. Yóò rí dókítà lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Sátidé, èmi fúnra mi ni n óò jókòó sórí èkejì. Kí ẹnikẹ́ni má retí ogún yìí láìpẹ́; ọwọ́ mi dí.

Mo fọwọ́ sí i: Hilkka Orvokki Saarenpää
Savonlinna, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá, ọdún 2019

Àwọn tó ṣe ẹlẹ́rìí:
Eevert Kolehmainen, oníbúrẹ́dì
Tyyne Lappalainen, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì