Kọ̀ǹpútà Rẹ Purọ́ Mọ́ Ọwọ́ Mi

Ọ̀kà Àkókó,
Oṣù Kẹwàá, 2008.

Sẹ̀gilọlá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé omi Èkó kò bá ọ lára jà? Ara tiwa le, iṣu ti ta, ìyá rẹ kí ọ, ìyá àgbà rẹ náà kí ọ, ó ní kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Àmín. Kíkí ti tó, nítorí inú ń bí mi.

Kọ̀ǹpútà rẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́.

Ìwọ lo ní kí n tẹ orin ìkórè tí mo kọ sórí kíbọ́ọ̀dù Ládélé, igbákejì mi nínú ẹgbẹ́ akọrin, kí ó fi fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ, kí kọ̀ǹpútà sì sọ ọ́ di àmì orin lórí ìwé. Mo tẹ̀ ẹ́. Nǹkan kan ń dún kó, kó, kó nínú kíbọ́ọ̀dù náà bí ẹyẹ tó ń sọ igi, mo ní kí Ládélé pa á, nítorí láti ìgbà tí mo ti ń darí orin ní ìjọ wa, ẹnikẹ́ni kò ka ìlù sí mi létí rí.

Ìwé rẹ dé sí gáréèjì Ìkàrẹ́, mo lọ gbà á. Orin ojú ewé kan ti di mẹ́rin, àmì ìdákẹ́ kún inú rẹ̀ bí èèrà inú ṣúgà. Bí mo bá gbé ìka díẹ̀, ó kọ pé mo dákẹ́. Ó tún kó ohùn tẹ́nọ̀, tó jẹ́ ti ọkùnrin, fún àwọn obìnrin. Ládélé ní kí wọ́n kọ ọ́ bó ṣe wà, ni gbogbo akọrin bá ń ṣe òsúkè. Ó wá gbé ìwé náà lọ bá Fíkà, àlùfáà ìjọ wa, ó ní, "Ẹ wò ó sà, kọ̀ǹpútà kì í purọ́, ọwọ́ Bàbá ti ń gbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ sinmi."

Sẹ̀gilọlá, ṣé ọwọ́ mi ń gbọ̀n? O mọ̀ pé nínú orin yòówù, ní òpin ìlà kẹta, a máa ń dúró de ìyá àgbà rẹ, nítorí èémí rẹ̀ kúrú, òun ló sì dàgbà jù nínú ìjọ. Kọ̀ǹpútà tí kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì rí ka ìdúró yẹn sí àṣìṣe. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Ládélé gba ọ̀pá ìdarí orin lọ́wọ́ mi, ó darí orin ìwọlé láìdúró. Àmín ti jáde, àwọn ìyá ṣì wà ní ìlà kẹta, wọ́n sì ń kọ ọ́ lọ títí Fíkà fi bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Fíkà wá ní kí n mú ìwé tuntun wá kí òun tó yan ẹni tí yóò darí orin ìkórè.

Nígbà tí mo pè ọ́, o ní fáìlì náà kò ní àmì orin nínú rárá, pé ibi tí ìka tẹ̀, ìgbà tó tẹ̀ ẹ́ àti ìgbà tó gbéra nìkan ló ń kọ sílẹ̀, kọ̀ǹpútà ló ń méfò ìyókù, àti pé kó-kó tí mo pa ni ì bá fi wọ̀n ọ́n. Ṣé ọlọ́pàá ni, tó fi ń ṣọ́ ìka ènìyàn? O tún ní o jẹ́ kí ó ka ohùn tó kúrú jù lọ pàápàá. Ta ló ń fi òṣùwọ̀n wúrà wọn iṣu? Sọ fún un pé kò gbọdọ̀ ka ohùn kankan tó kúrú ju ìdajì ìlù kan lọ, kí ó sì dá ohùn ọkùnrin padà fún ọkùnrin.

Mo máa tún un tẹ̀. Mo gbà kí kó-kó máa dún, ṣùgbọ́n kí Ládélé dín in kù, èmi kọ́ ni ọmọọṣẹ́ rẹ̀. O ní kí n má dúró ní ìlà kẹta, pé ìwọ fúnra rẹ yóò fi àmì ìdúró síbẹ̀. Ìyá àgbà rẹ gbọ́, ó bínú, ó bi mí bóyá mo fẹ́ fi òun sílẹ̀ lọ́nà. Mo fi èédú ya àmì náà sílẹ̀ bí o ṣe ṣàlàyé rẹ̀, ìlà tó tẹ̀ bí òrùlé, nǹkan róbótó kan lábẹ́ rẹ̀ bí hóró ẹ̀wà. Ó wò ó títí, ó ní, "Èmi rèé, mo jókòó sábẹ́ àpáta." Ara rẹ̀ wá balẹ̀. Má gbàgbé rẹ̀ o.

Fi owó epo jẹnẹrétọ̀ ránṣẹ́, kíbọ́ọ̀dù kì í mu omi, kí o sì fi ti bàtà ìkórè ìyá àgbà rẹ kún un.

Ọ̀nà rẹ kò ní dí. Níbi tí èémí rẹ bá ti kúrú, wàá rí ẹni tí yóò dúró dè ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Joseph Abọ́dẹrìn,
olórí akọrin títí di ìsinsìnyí.