Òòlù Dókítà àti Eegun Itan Mi

Lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n gbé wá sí pálọ̀,
Ilé Káfíńtà.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi Tíṣà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ikọ́ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti fi ọ́ sílẹ̀, àbí ìwọ ni o kò fẹ́ fi í sílẹ̀? Èmi wà láàyè o. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé mo ti kú, sọ fún un pé kò tíì yá.

O mọ bí itan ọ̀tún mi ṣe ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Dókítà ní oríkèé ibẹ̀ ti jẹ tán, pé àwọn máa gé orí eegun náà dànù, àwọn á fi irin rọ́pò rẹ̀. Mo gbà. Mi ò mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n máa fún mi, tí ìsàlẹ̀ ara mi á kú, tí etí mi á sì là sílẹ̀ gbayawu. Wọ́n ta aṣọ síwájú mi kí n má bàa rí nǹkan kan, àmọ́ ta ní ń ta aṣọ bo etí? Mo gbọ́ ayùn. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ òòlù.

Tíṣà, iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n ń ṣe lára mi! Irin gígùn kan ni wọ́n ń gbá wọ inú eegun itan mi. Kó, kó, kó. Ọ̀gá dókítà mọṣẹ́, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Àfi bí òòlù ṣe yí ohùn padà. Ìwọ ò lè mọ ìyàtọ̀ ẹ̀, àmọ́ ẹni tó ti fi ogójì ọdún kan pákó mọ̀ pé bí ohùn bá yí báyẹn, pákó ti là nìyẹn. Mo figbe ta pé, "Dókítà, ẹ dúró! Ó ti là!" Nọ́ọ̀sì tó dúró ti orí mi ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí nǹkan kan." Mo ní, "Ọmọ mi, eegun tìẹ kọ́, tèmi ni. Ní kí wọ́n má gbá a mọ́!"

Ọ̀gá dókítà gbé òòlù sílẹ̀. Wọ́n ya àwòrán inú itan mi, ni wọ́n bá rí i: eegun ti sán lápá òkè, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Wọ́n fi wáyà dè é lọ́nà méjì kí wọ́n tó parí iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá dókítà fúnra rẹ̀ wá jókòó ti bẹ́ẹ̀dì mi. Ó ní, "Bàbá, ó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà míì, pàápàá tí eegun bá ti gbó. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹ pẹ̀lẹ́." Ó ní n ò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó má bàa tún ṣí. Láti ìgbà náà ni ìyàwó mi ti ń wẹ̀ mí bí ọmọ tuntun, ó sì ń sọ èrò rẹ̀ nípa ara mi láìfi ọ̀kan pa mọ́.

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ọ̀sẹ̀ mẹ́fà máa pé, tí màá fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, ọ̀rẹ́ mi. Mi ò mọ̀ bóyá màá tún dúró nídìí tábìlì iṣẹ́ mi, àbí orí àga ni màá ti máa wo pákó.

Ọ̀rọ̀ dókítà yẹn ni kò sì jẹ́ kí n gbádùn. Ó lè ní abẹ́rẹ́ ló ń gùn mí, pé mi ò gbọ́ nǹkan kan. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ojú wá tì mí. Tíṣà, bẹ́ẹ̀dì tí ìwọ àti ìyàwó rẹ ń sùn lé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sán lọ́jọ́ tí mo kàn án. Gọ́ọ̀mù àti lẹ́búlẹ́bú pákó ni mo fi dí i, mo fi fáníṣì kùn ún, ẹ sì ń yìn mí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ti lé ọdún kan.

Ọwọ́ mi ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹ pẹ̀lẹ́. Bí ẹsẹ̀ yìí bá gbà mí dúró, ilé yín ni màá kọ́kọ́ gbé òòlù wá.

Bá mi kí àwọn ọmọ. Bá mi kí ìyàwó rẹ náà, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ ní kó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì kí o tó ka lẹ́tà yìí sí i létí.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí wọ́n fi wáyà dè,
Káfíńtà.