Bébà Aláwọ̀ Ewé Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Kọ̀ǹpútà

Ọmọ mi àtàtà,

Báwo ni iṣẹ́, báwo ni àwọn ará ibẹ̀? Àlàáfíà la wà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ẹni tó ń ṣọ́ wa nílé yóò máa ṣọ́ ìwọ náà lájò.

Línúùsì, ọlọ́dẹ inú kọ̀ǹpútà tí o gbé sí yàrá mi nígbà tí o wálé, ń ṣiṣẹ́ dáadáa. O ní ó ń pe àwọn kọ̀ǹpútà ilé àti ti ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé bàbá rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá wọ́n wà, èyí tó bá dáhùn á ní àwọ̀ ewé, èyí tí kò bá dáhùn á pupa. Àràárọ̀ ni mo ń kí i kú iṣẹ́, tí mo bá sì fẹ́ pààrọ̀ aṣọ, mo máa ń kọ ojú rẹ̀ sí ògiri, torí ọlọ́dẹ ọkùnrin ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, ti ṣọ́ọ̀bù pupa. Mo rò pé ìwà ahun bàbá rẹ ló tún dé, pé ó pa á kó má baà jẹ iná. Mi ò fẹ́ kí o rí i lọ́hùn-ún tí ìwọ náà ti ń wò ó, kí àyà rẹ já, ni mo bá gé bébà aláwọ̀ ewé lẹ̀ ẹ́ lórí, mo sì padà sídìí ẹ̀wà tí mo ń ṣà.

Àṣé bébà kò lè dí ọ lójú. Kò pẹ́ tí fóònù dún, o ní, "Màmá, ṣọ́ọ̀bù ò dáhùn, Bàbá náà ò gbé fóònù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wò wọ́n." Èmi àti wẹ́dà tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé la jọ sáré lọ. Ilẹ̀ la bá bàbá rẹ, òòyì ló kọ́ ọ, ó sì fa wáyà kọ̀ǹpútà já bó ṣe ń ṣubú. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé bí a bá pẹ́ díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ ì bá yíwọ́. Ṣùgbọ́n ó ti ń jẹun báyìí, ó sì ń bá nọ́ọ̀sì jà nítorí iyọ̀.

O ṣeun, ọmọ mi. Wàá jẹ èrè ọmọ bí àwa náà ṣe ń jẹ tìrẹ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Línúùsì pẹ̀lú, kò fọhùn, ìwà ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Jọ̀ọ́, fi owó oògùn àti ti wáyà tuntun ránṣẹ́. Èyí tó ká mi lára jù ni pé ìwọ nìkan lò ń gbé níbẹ̀, kò sì sí wẹ́dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Fi orúkọ rẹ kún àwọn tí Línúùsì ń pè. Mi ò ní yọ ọ́ lẹ́nu, kí n ṣáà jí kí n rí i pé o dáhùn.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká pè ọ́ tì.

Èmi ni, ìyá rẹ.