Èmi Ni Mo Wó Fẹ́ǹsì Ọládòṣù

Ìgàndò,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹjọ, 1992.

Ṣàíbù ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé ní Sùúrùlérè níbẹ̀. Ṣé o ń jẹun dáadáa? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ ti san? Ọlọ́run Ọba tó dá ọ kò ní fi ọ́ sílẹ̀ fún ayé, bí o ti ń jáde lówùúrọ̀ ni wàá máa wọlé nírọ̀lẹ́, àmín.

Àwa náà ń bẹ níhìn-ín, a dúpẹ́. Òjò ti ba ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìn ilé jẹ́, ṣùgbọ́n àgbàdo ṣe dáadáa. Ìjọba ti ri òpó iná sójú ọ̀nà wa, kò tíì sí wáyà lórí rẹ̀. Mo ti ra gílóòbù kan, mo so ó mọ́ àjà pẹ̀lú okùn, kó ti máa mọ ilé kí iná tó dé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ fún ọ kí ẹlòmíràn tó bù mọ́ ọn. Ọlọ́pàá mú mi, wọ́n sì ti fi mí sílẹ̀. Jókòó, kó o kà á tán.

O rántí fẹ́ǹsì tí Ọládòṣù tó ra ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ mọ, tó fi dí ọ̀nà ojú oórì bàbá rẹ. O sì rántí pé lọ́jọ́ kejì Iléyá, ìwọ lo fi ẹsẹ̀ ti búlọ́ọ̀kù méjìlélógún lulẹ̀ kó o tó wọ mọ́tò lọ. Inú bí mi sí ọ gan-an lọ́jọ́ náà, torí bàbá rẹ tó wà nínú ilẹ̀ kò rán ọ níṣẹ́. Ó di ọjọ́ kẹrin, ọlọ́pàá dé, wọ́n ní ta ló wó o. Mo ní èmi ni. Kọ́púrà wò mí látòkè délẹ̀, ó ní ìyá àgbà, báwo lẹ ṣe wó o. Mo ní pẹ̀lú ìbínú ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní tẹ́ṣàn, wọ́n fi yíǹkì kun gbogbo ìka mi, wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ìka kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa nígbà ìdìbò, nítorí náà mo bi wọ́n bóyá ẹjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n bá mi ní. Wọ́n ní ẹyọ kan ni. Olúbọ̀dé kápẹ́ńtà ló wá gba béèlì mi, ó fọwọ́ sí i pé ìgbàkígbà tí wọ́n bá pè mí, òun yóò mú mi wá. Látọjọ́ náà n kì í lọ síbì kankan láìsọ fún un. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní òun fi Ọlọ́run bẹ̀ mí, kí n máa lọ sí ṣáláńgá láìwá kan ilẹ̀kùn òun.

Nígbà tí ìwé ẹ̀sùn dé, Yẹ́misí tíṣà ló kà á fún mi, torí èèbó ni. Ó ní Kọmíṣánnà Ọlọ́pàá ló pè mí lẹ́jọ́. Orí mi wú. Kí ni mo fi ṣe Kọmíṣánnà? Ṣé òun ló ni búlọ́ọ̀kù ni? Mo ra obì, mo wọ mọ́tò lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ n'Ìkẹjà láti lọ bẹ̀ ẹ́, torí ẹni tó bá bínú síni là ń bẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́nu géètì ní Kọmíṣánnà kò mọ̀ mí rí. Mo ní ohun tó ya èmi náà lẹ́nu nìyẹn. Wọ́n jẹ obì, wọ́n ní kí n máa lọ sílé.

Akọ̀wé kóòtù kan, Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ́lá, ló wá là mí lóye. Ó ní ìjọba ló ni irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, orúkọ ọ̀gá wọn ni wọ́n kàn ń kọ síbẹ̀. Mo bi í pé ṣé ẹni tí wọ́n bá ti fẹ̀sùn kàn ti di ọ̀daràn ni. Ó ní rárá o, àfi bí adájọ́ bá dá a lẹ́bi, tàbí tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ ní òun jẹ̀bi. Ó ní bí mo bá ní n kò jẹ̀bi, wọn yóò pe ẹlẹ́rìí, wọn yóò bi wọ́n pé ta ni wọ́n rí. Ẹ̀rù bà mí, torí gbogbo àdúgbò ló rí ọ. Mo ní bí mo bá ní mo jẹ̀bi ńkọ́? Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ owó ìtanràn, kí ẹjọ́ sì parí lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í kúkú pẹ́ níkùúnlẹ̀.

Mo lọ bẹ Ọládòṣù náà. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní òun mọ̀ pé èmi kọ́, pé bí ẹni tó wó o bá lè wá kí òun, òun yóò lọ sọ ní kóòtù pé òun ti jáwọ́. Mo ní ẹni tó wó o ló dúró níwájú rẹ̀ yìí, ó sì ti kí i tán. Ó mi orí, ó bu omi fún mi mu.

O ní nínú lẹ́tà rẹ pé fọ́ọ̀mù iṣẹ́ báńkì tí ò ń wá yẹn ń béèrè bóyá wọ́n ti dá ọ lẹ́bi rí ní kóòtù. Kọ bẹ́ẹ̀ kọ́ síbẹ̀, kó o kọ ọ́ gàdàgbà. Mo ti bi akọ̀wé bóyá ẹ̀bi ìyá máa ń ran ọmọ nínú ìwé wọn, ó ní kì í ràn án. Mo tún bi í pé ìgbà wo ni orúkọ èèyàn máa ń kúrò níbẹ̀. Ó ní ó di ọjọ́ tónítọ̀hún bá kú. Mo ní áà, ìyẹn kò pẹ́. Ìwọ ìbá gbé e fún àádọ́ta ọdún, Ṣàíbù.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, ni ẹjọ́. Má wá o, mo fi ọmú tó o mu bẹ̀ ọ́. Fi igba náírà rán Lucy tó mú lẹ́tà yìí wá, fún ìtanràn, kó o fi owó mọ́tò èmi àti Olúbọ̀dé kún un.

Iṣẹ́ náà yóò bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Wàá jókòó lórí àga, wọn kò ní lé ọ dìde. Ibi tí wọ́n ti máa pe orúkọ mi lọ́jọ́ náà, Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n pe tìrẹ níbẹ̀ láéláé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sàúdátù.